Eré Sísá àti Orúnkún Mi

Nọ́ọ̀sì kan ló fà á. Ó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mi, ó wo ẹ̀rọ náà, ó wo èmi náà, ó ní ṣé jíjókòó ni iṣẹ́ mi ni. Mo ní ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń tajà, mo sì sọ bí bàbá mi ṣe kú fún un. Ó ní kí n máa sáré láràárọ̀, kí tèmi má baà dà bíi ti bàbá mi, tí rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ kó tó gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn bà mí lẹ́rù gidi. Lọ́jọ́ náà gan-an ni mo ra bàtà funfun kan lọ́jà Ọ̀rẹ̀.

Ìyá mi, ẹni tí mò ń gbé nílé rẹ̀ ní Òdìgbó, wo bàtà náà títí.

"Ẹ̀rọ ìránṣọ wà níyàrá, kò rán nǹkan kan. Ẹgbẹ́ akọrin, o ò lò tó oṣù kan níbẹ̀. Oko ẹ̀gẹ́ tí o dá, ewúrẹ́ ló kórè rẹ̀. Bàtà ló wá kù."

Ó dùn mí, nítorí pé kò parọ́. Mo bá pinnu pé láti ẹnu ọ̀nà wa dé ilé epo tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀rẹ̀, màá sá a láìdúró, ohun tó bá gbà ni kó gbà.

Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ọlọ́kadà kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. "Mọ́mì, ẹ gùn ún kíá! Kí ló ń lé yín?" Mo ní kò sí. Kò gbà. Ó ń tẹ̀ lé mi jẹ́jẹ́, ó ń wẹ̀yìn wò bóyá ohun tó ń lé mi máa tó yọ. Lọ́jọ́ kejì, àwọn àgbẹ̀ tó ń lọ sóko kòkó rí mi tí mò ń bọ̀, ni wọ́n bá yí padà, ni gbogbo wa bá ń sáré lọ síbì kan náà. Mò ń juwọ́ kí wọ́n dúró, torí mi ò ní èémí tí màá fi sọ̀rọ̀, àmọ́ bí mo ṣe ń juwọ́ ni wọ́n túbọ̀ ń fẹsẹ̀ fẹ.

Ìyẹn kéré. Orúnkún ló fẹ́ ba tèmi jẹ́. Ní àdúgbò wa, àwọn àgbà ti máa ń jókòó síwájú ilé kí ilẹ̀ tó mọ́ tán, títí dé ibi tí àwọn ìyá ti ń bó ẹ̀gẹ́ tí wọ́n fẹ́ fi ṣe gàrí. Obìnrin tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í kọjá lára wọn lóòró. Mo sá díẹ̀, mo kúnlẹ̀: "Ẹ káàárọ̀ mà." Mo dìde, mo sá díẹ̀, mo tún kúnlẹ̀: "Ẹ kú ìjókòó sà." Bàbá kan á béèrè ìyá mi, á béèrè ọjà, á béèrè ìdí tí mo fi ń mí bí ajá ọdẹ, mi ò sì gbọdọ̀ dìde kó tó sọ̀rọ̀ tán. Tí mo bá fi máa délé, orúnkún mi nìkan ló ti ṣe eré ìdárayá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo kàn juwọ́, mo sì kọjá. Ìròyìn náà ti gun ọ̀kadà ṣáájú mi délé.

"O kọjá lára ìyá tó gbẹ̀bí rẹ bí ẹni ń kọjá lára òpó iná," ni ìyá mi wí. "Tí o bá tún kọjá níbẹ̀ láìkúnlẹ̀, má wọlé mi!"

Mo ti bàtà náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Inú bí mi débi pé mi ò lè jẹun. Ìyá mi kàn wo ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìwò yẹn ló gbé mi dìde.

Nírọ̀lẹ́, mo rìn lọ bá ìyá tó gbẹ̀bí mi nídìí ẹ̀gẹ́ rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ dáadáa, mo bẹ̀ ẹ́, mo sì sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ẹ̀jẹ̀ ríru, bàbá mi, ilé epo. Ó mọ bàbá mi dáadáa. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

"Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, a ní ìkíni fún un. Ẹni tó jókòó, a ní tirẹ̀. Ta ló wá sọ pé ẹni tó ń sáré kò ní? Èmi ni màá máa kí ọ. Ìwọ sáà máa lọ. Ìkúnlẹ̀ yẹn, tó bá dìrọ̀lẹ́ kí o wá kúnlẹ̀ ẹ̀ fún mi lápapọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ dún: "Kú eré sísá o!" Ìyá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbà á, bàbá oníbéèrè gbà á, ọlọ́kadà pàápàá gbà á. Síbẹ̀, mi ò tíì dé ilé epo. Ẹ̀gbẹ́ á máa gún mi, màá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, màá máa sọ fún ara mi pé ó tó. Tí ilẹ̀ bá mọ́, màá tún wọ bàtà.

Ọjọ́ kan wá dé tí ara mi yá gágá. Bí mo ṣe yọ síbi ẹ̀gẹ́, mo rí àga ilé wa. Ìyá mi ló jókòó lórí rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá tó gbẹ̀bí mi. Orúnkún mi kò dúró gbàṣẹ, ó ti ń tẹ̀. Ìyá mi fò dìde, ó ju èèpo ẹ̀gẹ́ lù mí.

"Má dán an wò! Tí o bá kúnlẹ̀ níbí, má wọlé mi!"

Mo bú sẹ́rìn-ín, ẹkún dà pọ̀ mọ́ ọn, mo sì ń sá lọ. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́yìn mi: "Kú eré sísá o, ọmọ mi." Ilé epo ti wà lẹ́yìn kí n tó rántí pé ibẹ̀ ni mò ń lọ.