Àtẹ́wọ́ Tó Ń Bọ̀ Láti Ẹ̀yìn

Bí wọ́n bá ní ká ka àwọn ọkùnrin tí wèrè ń yọ́ ṣe nílùú Watertown, Vahan Bedoian ni yóò ṣe ipò kìíní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wèrè tirẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni lára rí. Bàtà ló ń tún ṣe. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tó fi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kan náà, ìṣó lẹ́nu, bàtà oníbàtà lórí orúnkún. Kò ka ìwé orin rí láyé rẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1973, etí rẹ̀ gbọ́ ohun kan, kò sì gbádùn mọ́ látọjọ́ náà.

Ilé iṣẹ́ rédíò méjì ní Boston ló pawọ́ pọ̀ nígbà yẹn. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, tí àwọn onígòjé àti onífèrè bá ń ṣeré nínú gbọ̀ngàn ńlá, rédíò kan a máa gbé ohùn iwájú gbọ̀ngàn náà jáde, èkejì a máa gbé ohùn ẹ̀yìn. Ẹni tó bá ní rédíò méjì, tó gbé sípíkà méjì síwájú, méjì sẹ́yìn, tó wá jókòó sáàárín, onítọ̀hún ti wọ gbọ̀ngàn láìra tíkẹ́ẹ̀tì. Vahan ra rédíò kejì. Ó ra sípíkà mẹ́rin. Nígbà tó yá, ó ta mọ́tò rẹ̀, ó fi ra ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó lè gba ohùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ sórí téèpù kan ṣoṣo.

"O ta mọ́tò?" Araxie ìyàwó rẹ̀ lanu, kò lè pa á dé. "Kí la máa gùn lọ ṣọ́ọ̀ṣì báyìí, gòjé?"

"Jókòó síbí ná."

Araxie jókòó. Bí orin ṣe parí, àtẹ́wọ́ bú jáde lẹ́yìn rẹ̀ bí òjò tó já lu páánù. Ẹnì kan wúkọ́ lẹ́bàá èjìká rẹ̀ òsì, ẹlòmíràn kígbe níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù wà. Orí rẹ̀ wú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni kò fi dárúkọ mọ́tò.

Téèpù mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni Vahan gbà sílẹ̀, ó sì ṣòfin pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n. Àwọn rédíò náà fi àṣà ọ̀hún sílẹ̀ láìpẹ́. Ẹ̀rọ rẹ̀ bàjẹ́, kò rẹ́ni tún un ṣe. Lọ́dún 1996, omi ya wọ yàrá abẹ́ ilé, ó ba mẹ́tàlélọ́gọ́ta jẹ́. Ọ̀kan tó ṣẹ́ kù, inú àpótí fìlà ìyá Araxie ni wọ́n ti rí i, lẹ́yìn tí mama náà ti kú. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó gbé e débẹ̀.

Ní báyìí, Vahan ti pé ọdún méjìdínláàádọ́rùn-ún. Dókítà ti sọ fún un pé etí rẹ̀ méjèèjì ń kú lọ, bóyá wọ́n á lè gbọ́ nǹkan di ọdún tó ń bọ̀. Ohun kan ṣoṣo ló wá ń wù ú: kó tún gbọ́ àtẹ́wọ́ yẹn láti ẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan sí i kí ilẹ̀kùn tó tì.

Bẹ́ẹ̀ ni Lorne Hatherley ṣe dé lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan, òun pẹ̀lú ẹ̀rọ olóhùn mẹ́rin nínú mọ́tò. Òṣìṣẹ́ rédíò tó ti fẹ̀yìn tì ni, kiri ló ń kiri ilé láti dóòlà irú téèpù bẹ́ẹ̀.

"Ọ̀gbẹ́ni Bedoian, igba èèyàn bíi tiyín ló ń retí kí n fi èyí ránṣẹ́ sí wọn káàkiri orílẹ̀-èdè yìí. A ò rí ẹ̀dà rẹ̀ mìíràn níbì kankan."

"Ṣe é kíá. Etí ò ní dúró dè ẹ́."

Wọ́n gbé àga sáàárín. Téèpù bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ̀yin èèyàn mi, ògiri ilé náà ṣí lọ! Gòjé wà níwájú, fèrè wà lọ́tùn-ún, lẹ́yìn ni èrò ti ń mí, tí bébà ń dún, tí àga ń han. Èèyàn tó ti kú láti ogún ọdún tún wúkọ́. Vahan di ọwọ́ àga mú gírígírí, omi ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. Lorne fúnra rẹ̀ ṣí fìlà.

Ó ku nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú kí eré parí nígbà tí ẹ̀yìn ṣàdédé dákẹ́. Ohùn kan bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ohùn obìnrin, ọ̀rọ̀ tó ń fẹ̀yìn rìn. Gòjé ń lọ ní tiẹ̀ níwájú.

Lorne dá ẹ̀rọ dúró. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Ẹnì kan ti dojú téèpù yìí kọ ẹ̀yìn lórí ẹ̀rọ olóhùn méjì, ó sì gba nǹkan lé apá tí ohùn ẹ̀yìn wà. Ohùn ẹ̀yìn ti pa rẹ́ títí dé ìparí. Ẹ má bínú, bàbá. Àtẹ́wọ́ yẹn ti lọ."

Araxie, tó ti ń gbọ́ láti ẹnu ọ̀nà, wólẹ̀ sórí ìjókòó.

"Èmi ni," ó ní. "Àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì ń gba ìtàn àwọn àgbà sílẹ̀, Màmá ò dá wọn lóhùn. Ọjọ́ kan la jọ ń di ìrẹsì sínú ewé àjàrà, ló bá ní òun fẹ́ sọ̀rọ̀. Mo sáré yá ẹ̀rọ lọ́wọ́ aládùúgbò, mo mú téèpù kan. Mo yí i padà, mo gbọ́ orin tó ń fẹ̀yìn rìn, mo ní ẹ̀gbẹ́ yìí ti bàjẹ́ nìyẹn. Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó ní òun ò fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé omi ti gbé e lọ; nígbà tí a rí ọ̀kan nínú àpótí fìlà rẹ̀, mo gbàdúrà pé kó má jẹ́ òun."

"Ọdún méjìdínláàádọ́ta, Araxie!"

"Ṣé o máa jẹ́ kí n gbádùn tí mo bá sọ?"

Inú bí Vahan, ó dùn ún wọra. Síbẹ̀, ó ní kí Lorne yí téèpù náà padà.

Ohùn Haiganoush, ìyá Araxie, jáde gbangba.

"Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí àwọn ọmọ ogun lé gbogbo ìlú wa sọ́nà. Ìyá mi ní iwájú ni kí n máa wò, pé ohun tó ń bọ̀ lẹ́yìn ló ń pa wá. Láti ọjọ́ náà, n kì í jókòó kí n kẹ́yìn sílẹ̀kùn. Ọkọ rẹ wá fi mí sáàárín àpótí sípíkà rẹ̀ wọ̀nyí. Mo gbọ́ ogunlọ́gọ̀ èèyàn lẹ́yìn mi. Mo ní, wọ́n ti dé. Àṣé àtẹ́wọ́ ni wọ́n ń pa, Araxie. Gbogbo èrò yẹn, àtẹ́wọ́ lásán ni wọ́n ń pa."

Vahan rántí pé gbogbo Sátidé ni mama náà máa ń gba àga yẹn mọ́ òun lọ́wọ́. Ó rò pé tìmùtìmù rẹ̀ ló wù ú ni.

"Mo lè yọ ohùn màmá kúrò," Lorne ní. "Ohùn iwájú nìkan ni màá fi ránṣẹ́."

"Fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ránṣẹ́."

"Bàbá, ìdàkudà ni wọ́n á gbọ́ lẹ́yìn orin."

"Ìgbà wo ni Màmá bá ẹnikẹ́ni rìn sí ọ̀nà kan náà rí?" Araxie ní, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n tún yí téèpù náà padà, wọ́n sì tàn án. Orin ń lọ níwájú, mama ń fẹ̀yìn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn, títí gòjé tó kẹ́yìn fi dákẹ́. Vahan dìde lórí àga, ó kọjú sí ẹ̀yìn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.