Wọ́n Ní Ìran Àbẹ̀kẹ́ Kì í Tètè Lóyún

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ti Àbẹ̀kẹ́ fún yín. Màlúù ni o! Màámi ló sọ ọ́ lórúkọ, òun nìkan ló sì kù nínú àwọn màlúù tí Màámi fi sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kú.

Ọ̀dọ̀ Álíù, Fúlàní tó ń bá wa da ẹran lọ́nà Òkè-Ìlá, ló wà tẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn ìsìnkú, Bàámi mú un wá sílé, wọ́n so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé wa ní Ìlá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ máa rí i láràárọ̀. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Tó bá ti ké, ó máa ń ṣe mí bíi pé Màámi máa tó jáde lọ fún un lóúnjẹ.

Ṣùgbọ́n Àbẹ̀kẹ́ ò bímọ. Bí Iléyá ṣe ń sún mọ́lé, Bàbá Sùlé, àbúrò Bàámi, ní ká tà á fún alápatà. Wọ́n ní ìyá ẹ̀ náà kì í tètè lóyún, ìran wọn nìyẹn.

Bàámi yíjú sí mi. "Rúkà, ìwọ lo kàwé ẹran. Ṣé òótọ́ ni?"

Ẹ wo ìbéèrè! Ó wù mí kí n sọ pé irọ́ pátápátá ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ṣàlàyé pé màlúù máa ń jogún ìwọ̀n ara dáadáa lára òbí ẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá di ti oyún, ohun tó ń jogún kéré. Oúnjẹ, ìlera àti akọ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mo tún ní kéré kì í ṣe òfo.

Bàbá Sùlé bú sẹ́rìn-ín. "Dókítà màlúù! Bẹ́ẹ̀ ni, bẹ́ẹ̀ kọ́. Èwo ni ká mú?"

Mo ní kí wọ́n má bínú. Ẹran tí a so mọ́lẹ̀, tó rù dé egungun, tó jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni Álíù mú akọ wá bá a, báwo la ṣe fẹ́ mọ ohun tó jogún?

Bàámi wá sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́: "Ohun tí wọ́n sọ sí ìyá ẹ náà nìyẹn kó tó bí ẹ. Wọ́n ní ìran wọn ni."

Mi ò gbọ́ ọ rí! Bàbá Sùlé ń wo bàtà ara wọn.

Èyí tó le jù ló kù tí mo máa sọ: tí a bá fẹ́ kó bímọ, kò lè dúró lọ́dọ̀ wa mọ́. Kó padà sọ́dọ̀ Álíù, níbi tí koríko àti akọ wà. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Bàámi fọwọ́ ara wọn tú u sílẹ̀.

Álíù ti pè. Ó ní Àbẹ̀kẹ́ ti ń sanra, akọ ti gùn ún, ṣùgbọ́n òun ò tíì mọ̀ bóyá oyún dúró. Tí Bàámi bá kírun tán lálẹ́, wọ́n á bi mí, èmi náà á ní a ò tíì mọ̀. Ó wù mí kí n sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé ká tó sọ pé ìran ẹnì kan ló fà á, ká kọ́kọ́ wo ohun tí a fún un àti ohun tí a fi dù ú.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ ti ní ẹran tí wọ́n ní kò lè bí, tó padà bí? Tí kò bá sì bí náà, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo máa kà á fún Bàámi.