Obìnrin Tó Dá Mọ́tò Mi Padà Lọ́nà Ìlọrin

Ẹ má rò pé àlọ́ ni mo ń pa. Ọ̀sán gangan ni, ojú mi sì dá ṣáṣá. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín kó rẹ́rìn-ín, mi ò ní bínú.

Ìpínlẹ̀ Kwara kò tíì pẹ́ tí wọ́n dá a sílẹ̀ nígbà náà. Awakọ̀ ni mí l'Ọ́mù-Àrán. Àbúrò mi obìnrin, Wúràọlá, ń ṣe tíṣà ní Àrán-Ọ̀rin. Eyín rẹ̀ kan jẹrà, wọ́n yọ ọ́. Kò pẹ́ sígbà náà ni ibà dé. Tó bá lo oògùn, ara á fúyẹ́, á tún gbóná. Ó rù hangogo. Tó bá rìn díẹ̀, á máa mí gúlegúle.

Dókítà ọsibítù ìjọ fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà rẹ̀, ó mirí. "Ọkàn rẹ̀ ń dún lódìlódì. Gbé e lọ sí Ìlọrin lónìí."

A ti kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo nígbà tí òógùn bò ó, ara rẹ̀ tutù, ó rẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ara mi ti yá. Ẹ jẹ́ ká padà sílé, ẹ jọ̀ọ́."

Inú mi dùn. Mo yí mọ́tò padà.

Ẹ gbà mí gbọ́, a ò rìn jìnnà. Obìnrin kan dúró sáàárín títì. Ọyẹ́ ń fẹ́ gbogbo koríko ẹ̀bá ọ̀nà. Àmọ́ ìró tó ró mọ́dìí kò mì rárá. Mo tẹ bíréèkì. Ó wá síbi fèrèsé mi, àmọ́ kò wo ojú mi. Àyà Wúràọlá ló ń wò.

"Inú ọkàn rẹ̀ ló wà," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Má gbé e lọ sílé."

Mo ṣẹ́jú pẹ́. Kò sí ẹnì kankan mọ́. Kò sí ipa ẹsẹ̀ nínú eruku.

"Bọ̀ọ̀dá, ta lẹ̀ ń wò?" Wúràọlá béèrè.

Mo dorí mọ́tò kọ Ìlọrin, mo sáré bí ẹni tí ogun ń lé.

Bí a ṣe wọ ọgbà ọsibítù ni ọwọ́ òsì rẹ̀ rọ, ẹnu rẹ̀ wọ́. Ká ní ilé la wà ńkọ́? Dókítà ibẹ̀ ṣàlàyé fún mi pé kòkòrò ti gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ bá àwọn ilẹ̀kùn kéékèèké tó ń ṣí, tó ń padé nínú ọkàn, ó sì ń jẹ wọ́n. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ojú eyín yẹn ló gbà wọlé. Ègé kan ló já níbẹ̀ tó lọ dínà ẹ̀jẹ̀ nínú ọpọlọ.

Abẹ́rẹ́ pẹnisílíìnì ni, tọ̀sán-tòru, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Mo gbàdúrà títí ohùn mi fi há. Díẹ̀díẹ̀ ni ibà náà lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tó ń fi ọwọ́ òsì náà di irun orí rẹ̀. Mo sunkún bí ọmọdé. Ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó lọ́kọ, ó bímọ. Wọ́n ṣì ń yẹ ọkàn rẹ̀ wò dòní.

Àwọn kan ní ìyá wa ló yọ sí mi. Ìyá wo? Ìyá wa ṣì wà láyé nígbà náà, ó ń gún iyán nílé! Mo béèrè kiri Àjàṣẹ́-Ìpo, kò sẹ́ni tó mọ obìnrin náà.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ibà tó ń lọ tó ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kó fi ìtura ọjọ́ kan tàn yín jẹ. Tí ẹnì kan bá sì dá yín dúró lójú ọ̀nà yẹn, ẹ ṣe ohun tó wí. Ẹ má béèrè orúkọ rẹ̀.