Ojú Ìwé Tí Wọ́n Fi Abẹ Ha

Mo rántí òórùn kẹrosíìnì àwọn àtùpà àtijọ́ tó wà nínú ilé náà ju bí mo ṣe rántí ojú àwọn ènìyàn lọ. Téṣàn rélùwéè kékeré ni tẹ́lẹ̀, ní Èbúté Mẹ́ta. Nígbà tí ọkọ̀ ò dúró níbẹ̀ mọ́, wọ́n kó àwọn ohun àtijọ́ sínú yàrá rẹ̀ méjèèjì, wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Àwọn ọdún 1980 ń lọ sópin nígbà náà. Akọ̀ròyìn ni mí, wọ́n rán mi wá kọ ìròyìn nípa ilé náà, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìyá mi ni. Ọ̀sẹ̀ kan péré ni mo lò nílé kí n tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ń jẹun, mo ń wọkọ̀ láti Súrùlérè, mo ń kọ ìròyìn, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó ń kàn mí lára. Mo rò pé bí akọ̀ròyìn gidi ṣe ń rí nìyẹn. Àní mo ń fi yangàn.

Ọ̀gá téṣàn kan tó ti fẹ̀yìn tì ló ń tọ́jú ilé náà. Bàbá yìí ṣì máa ń dé fìlà iṣẹ́ wọn. Wọ́n fi àsíá pupa àti aláwọ̀ ewé hàn mí, lẹ́yìn náà wọ́n mú mi dé ìdí ìwé ńlá kan tó wà lábẹ́ gíláàsì, èyí tí wọ́n ń kọ àkókò ọkọ̀ sí ní téṣàn inú igbó kan tí Bàbá ti ṣe ọ̀gá rí. Ojú irin kan ṣoṣo ló so ibẹ̀ pọ̀ mọ́ téṣàn kejì. Bí ọkọ̀ bá ti wọlé, ọ̀gá téṣàn á kọ àkókò rẹ̀ sínú ìwé, á sì tẹ téṣàn kejì láago pé ọ̀nà ti ṣófo. Ìgbà yẹn ni àwọn tó ń tún ojú irin ṣe tó lè gbé tírọ́lì wọn, ọkọ̀ kékeré tí wọ́n fi ń lọ síbi iṣẹ́, sórí irin.

Mo bi wọ́n bóyá wọ́n máa ń dúró kí ọkọ̀ wọlé lóòótọ́.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Akọ̀ròyìn! Ta ló ń dúró? Tá a bá ti gbọ́ fèrè rẹ̀ lórí afárá, a ti kọ ọ́ nìyẹn. Gbogbo wa là ń ṣe é. Ọwọ́ mélòó lo rò pé a ní?"

Ibẹ̀ la wà tí ìyá kan fi wọlé, tí wọ́n ní Pápá Àjàó làwọn ti wá. Wọ́n kí wa, wọ́n dárúkọ téṣàn inú igbó yẹn, wọ́n ní àwọn gbọ́ pé ìwé rẹ̀ wà níbí. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Bàbá.

Ọkọ ìyá yìí ni fọ́máànù àwọn tó ń tún ojú irin ṣe. Lọ́jọ́ kan, nínú òjò, tírọ́lì rẹ̀ lọ kọlu ẹ̀yìn ọkọ̀ kan tó bà jẹ́ sójú ọ̀nà, ó sì kú. Ìwé tí rélùwéè fi ránṣẹ́ sí ìyàwó rẹ̀ ní ó wọ ojú irin láìgbàṣẹ. Àwọn ará ilé rẹ̀ ní Iléṣà ní ó ti mutí yó ni.

"Ọmọ ọ̀mùtí ni wọ́n ń pe àwọn ọmọ mi títí dòní," ni ìyá náà wí. "Ohun kan ṣoṣo ni mo wá bi yín. Ṣé ó gbàṣẹ àbí kò gbà á?"

Bàbá sún mọ́ ìdí ìwé náà. Wọ́n gbé gíláàsì kúrò, wọ́n ń ṣí ìwé náà díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi dé ojú ìwé kan. Lórí ìlà kan níbẹ̀, bébà ti fẹ́lẹ́ débi pé ìmọ́lẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Wọ́n ti fi abẹ ha àkókò àkọ́kọ́, wọ́n sì kọ òmíràn lé e.

"Mo gbọ́ fèrè lórí afárá, mo kọ ọ́, mo tẹ̀ wọ́n láago. Ọkọ̀ ò dé. Nígbà tí wọ́n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, mo mú abẹ, kó lè dà bíi pé mi ò tíì tẹ̀ wọ́n láago." Wọ́n pa ìwé náà dé. "Ó gbàṣẹ, Ìyá. Èmi ni mo fún un."

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò kúkú sun ìwé náà.

"Ìwé téṣàn ni. Wọn kì í sun ìwé téṣàn."

Mo yíjú sí ìyá náà, mo ṣí ìwé tèmi, mo bèèrè ìbéèrè tí wọ́n kọ́ wa: "Màmá, báwo ló ṣe rí lára yín?"

"Lára kè? Orúnkún ló ń dùn mí. Ẹ ò ní àga ni?"

Bàbá sáré gbé àga tiwọn wá. Ìyá jókòó, wọ́n ní, "Ọmọ mi, bá mi kọ ọ́ síwèé kan, kí n gbé e lọ sí Iléṣà."

Mo kọ ọ́, mo kà á sí wọn létí: "Ọ̀gá téṣàn ní òun ló fún fọ́máànù láṣẹ."

"Ta ló ní kó o kọ 'ó ní'? Wọ́n á ní bàbá kan ló ń sọ tẹnu ẹ̀. Kọ ọ́ bó ṣe rí."

Mo ṣàlàyé pé akọ̀ròyìn kì í kọ̀wé bẹ́ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ wà lẹ́nu ẹni tó sọ ọ́. Wọ́n wò mí bí ẹni ń wo ọmọ tó ń ṣàgídí.

"Ṣé o rí ibi tí wọ́n fi abẹ ha àbí o ò rí i?"

"Mo rí i, mà."

"Kí lo tún ń wá?"

Mo ya bébà yẹn dànù. Mo kọ òmíràn: "Ó gbàṣẹ kó tó wọ ojú irin." Bàbá fọwọ́ sí i, èmi náà fọwọ́ sí i nísàlẹ̀. Ìyá ká a sínú gèlè wọn, wọ́n dìde, wọ́n kí wa pé ó dàbọ̀.

Àtùpà àti àsíá ni mo kọ nípa wọn sínú ìwé ìròyìn. Mi ò lè sọ pé àánú Bàbá ló ṣe mí; nǹkan kan ò ṣe mí. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà sílé, mo ń dúró kí n sunkún, bóyá nítorí ìyá yẹn, bóyá nítorí ìyá tèmi, ẹkún ò wá. Láti ìgbà náà títí mo fi fẹ̀yìn tì, "ó ní" ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo bá gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n sọ ní Iléṣà. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá gbé bébà yẹn wá bá mi lónìí, orúkọ mi ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Màá sọ fún un pé bẹ́ẹ̀ ló rí.