Iṣẹ́ Àṣetiléwá Tó Fẹ́ẹ̀ Dá Ìjà Sílẹ̀ Lábúlé

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ mi kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lọ́dún tó kọjá. Iṣẹ́ àṣetiléwá lásán ni mo fún àwọn ọmọ, ló bá fẹ́ẹ̀ di ogun!

Ọmọ Sakété ni mí, ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọlẹ́ẹ̀jì kan lábúlé, lápá Igana, ní Pobè. Ìtàn àwọn ọba Faransé ti sú àwọn ọmọ, ká má purọ́, ó ti sú èmi náà. Mo bá ní kí kálukú lọ béèrè lọ́wọ́ àgbà ilé rẹ̀: ta ló tẹ abúlé yìí dó?

Ṣé ìyẹn náà burú?

Nígbà tí wọ́n padà dé, àwọn ọmọ àdúgbò Òkè-Ọ̀pẹ ní baba ńlá àwọn ló kọ́kọ́ dé. Àwọn ọmọ Ìta-Ìrókò ní irọ́ ni, ọdẹ ilé tiwọn ló kọ́kọ́ dáná níbẹ̀. Ariwo ta! Àwọn ọmọ gbé e délé, àwọn òbí gbé e dọ́jà. Ìbò kọ́múùnù, ìyẹn ìbò ìjọba ìbílẹ̀, sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní ẹni tó ń dupò. Àwọn ti Òkè-Ọ̀pẹ ní àwọn Ìta-Ìrókò ló rán mi níṣẹ́. Àwọn Ìta-Ìrókò ní àwọn Òkè-Ọ̀pẹ ni! Èmi tó jẹ́ pé Sakété ni mo ti ń dìbò!

Dirẹktọ̀ wa, ọ̀gá ilé-ìwé, pè mí. Ó ní tí ọ̀rọ̀ yìí bá fi lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá ẹ̀kọ́ ní Pobè, wọ́n lè gbé mi lọ sí ibi tí mi ò mọ ẹnì kan. Ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé lábúlé yẹn ni, mo sì fẹ́ràn ibẹ̀. Dirẹktọ̀ ní kí n fagi lé iṣẹ́ náà, kí n padà sọ́dọ̀ àwọn ọba Faransé mi.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn àgbà fúnra wọn wá sọ ìtàn náà níwájú àwọn ọmọ. Ó gbà.

"Madáàmù," ló ní, "tó bá dìjà, ẹ̀yin lẹ máa là á o."

Ọjọ́ pé. Kíláàsì ò gba èrò, gbogbo wa bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò. Baba Làmídì sọ ti Òkè-Ọ̀pẹ, Baba Jósẹ́ẹ̀fù fèsì fún Ìta-Ìrókò. Ohùn bẹ̀rẹ̀ sí í ròkè. Àwọn ọ̀dọ́ kan ti ń ká apá aṣọ. Dirẹktọ̀ ń wò mí, èmi ń wo ilẹ̀.

Ni Ìyá Ràmátù, ìyàwó Baba Làmídì, bá dìde. Ẹ gbọ́ o, Ìta-Ìrókò ni wọ́n ti bí ìyá yìí, Òkè-Ọ̀pẹ ló wá lọ́kọ sí!

Ó ní: "Mo gbọ́ ìtàn yìí nílé bàbá mi, mo tún gbọ́ ọ nílé ọkọ mi. Nínú méjèèjì, àwọn ọkùnrin ń dé, wọ́n ń dáná, wọ́n ń gé igi. Ẹ jọ̀ọ́, omi wo ni wọ́n mu?"

Ó na ọwọ́ sí ìsàlẹ̀ abúlé.

"Kànga ìsàlẹ̀ yẹn, àwọn obìnrin ló gbẹ́ ẹ. Ìyá ìyá mi wà níbẹ̀, ìyá baba ọkọ mi náà wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń gbẹ́, èkejì ń fa erùpẹ̀. Wọn ò bi ara wọn léèrè ta ló kọ́kọ́ dé. Òùngbẹ ń gbẹ wọ́n!"

Háà! Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́, wọ́n fò sókè. Baba Làmídì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní bó ṣe máa ń ṣe òun nílé nìyẹn. Baba Jósẹ́ẹ̀fù na ọwọ́ sí i: "Àna mi, ẹ jẹ́ ká jókòó. Ọmọ ilé wa ti gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwa méjèèjì."

Àwọn tó ń dupò ńkọ́? Àwọn méjèèjì ń sáré lọ kí ìyá! Kí ni wọ́n tún fẹ́ ṣe? Ta ló fẹ́ gbé ìjà ko àwọn obìnrin nígbà ìbò?

Ẹ má rò pé iyàn náà tán o. Wọ́n ṣì ń jà á dòní, àmọ́ ẹ̀rín ni wọ́n fi ń jà á. Dirẹktọ̀ sì ti ní kí n máa pe àwọn àgbà wá lọ́dọọdún.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé tí ẹni méjì bá ń du ìtàn mọ́ ara wọn lọ́wọ́, ká wá ẹni tí wọn ò dárúkọ rí.

Lábúlé tiyín ńkọ́? Ta ló tẹ̀ ẹ́ dó? Ẹ kọ ọ́ síbí kí gbogbo wa kà á. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi ìyá yín o!