Nọ́ńbà Tí Kì Í Ṣípò

Ṣọ́ọ̀kì funfun lára géètì. "Mo wá. N kò bá yín." Kò sórúkọ.

Ọ̀gbẹ́ni Májẹ́kódùnmí kò nílò orúkọ. Ọdún márùndínlógójì ló fi máàkì ìwé ọmọ ilé-ìwé. Ó mọ ọwọ́ ìkọ̀wé bí ẹlòmíì ṣe ń mọ ohùn. Ó wo "k" yẹn, tó na ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ jókòó. Adéróunmú nìkan ló ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ ọ ní ìwé, lórí erùpẹ̀, ní Ṣakí.

Ọdún kẹfà rèé. Ọ̀rọ̀ ilé bàbá wọn ló dìjà, lórí fóònù. "Má fẹsẹ̀ tẹ ilé mi mọ́." Adéróunmú sì gbọ́ràn. Ó gbọ́ràn jù. Nígbà tí Oyèbọ́lá, ìyàwó Májẹ́kódùnmí, kú, kò wá. Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́.

Àfi bó ṣe ṣàdédé wá yìí. Láti Ṣakí dé Bódìjà. Ó ní láti jẹ́ pé ó fi òkúta kan géètì, ó dúró, ó tún kàn án. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú yàrá ẹ̀yìn. Etí kan tí kò gbọ́ dáadáa mọ́. Jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò sì ń pariwo.

Ọjọ́ mẹ́rin ni Májẹ́kódùnmí fi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú, tó ń ṣọ́ géètì. Lọ́jọ́ karùn-ún ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Dókítà kan ní Jẹ́ríkò ní kó máa dùbúlẹ̀ lọ́sàn-án, kó gbé ẹsẹ̀ lé ìrọ̀rí. Kò gbọdọ̀ jókòó pẹ́.

Ìgbà náà ló yọ fóònù Oyèbọ́lá nínú dúrọ́ọ̀. Igun kan ti sán. Ó gbé e lọ fún Islamiat, obìnrin tó ń tún fóònù ṣe lọ́jà Bódìjà. Islamiat fi áàpù kan sínú fóònù méjèèjì, tó sọ ti Oyèbọ́lá di kámẹ́rà. Bí ti Oyèbọ́lá bá dúró lójú fèrèsé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, tó kọjú síta, ohun tó bá rí, Májẹ́kódùnmí á rí i lórí fóònù ọwọ́ tirẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí nísàlẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ kan. Májẹ́kódùnmí pe Islamiat.

"Kò rí nǹkan kan mọ́, ọmọ mi."

"Ṣé iná lọ, Bàbá?"

"Ìgbà wo ni kì í lọ?"

Islamiat rẹ́rìn-ín. "Rọ́ọ́tà yín, àpótí Wáífáì yẹn, ló ń pín nọ́ńbà fún àwọn fóònù. Bí iná bá ti dé, á tún un pín. Fóònù tó bá kọ́kọ́ jí á gba nọ́ńbà eéjì. Fóònù ọwọ́ yín wá ń wá ti màmá níbi tó wà lánàá."

"Bí ẹni ń kanlẹ̀kùn ẹni tó ti kó lọ."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Ẹ jẹ́ ká fún un ní nọ́ńbà tí kò ní ṣípò. Ẹ ṣí Wáífáì lórí fóònù màmá. Ẹ tẹ orúkọ rọ́ọ́tà yín. Ṣé ẹ rí DHCP?"

"Mo rí i."

"Ẹ yí i sí Static, ìyẹn àìṣípò. Nọ́ńbà gígùn kan á yọ; ìparí rẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ pààrọ̀. Ẹ kọ èyí tó bá wù yín."

Ó ronú díẹ̀. Fóònù Oyèbọ́lá. Ilé Oyèbọ́lá. Ta ni ì bá tún ṣe èkíní níbẹ̀? Ó kọ oókan.

Gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Fóònù méjèèjì. Ó tún pe Islamiat.

"Kí lẹ kọ, Bàbá?"

"Oókan. Ṣé kì í ṣe ìyá ilé ni?"

"Rọ́ọ́tà ló ni oókan, sà. Òun ni baálé."

"Rọ́ọ́tà tí mo fowó mi rà?"

"Lójú fóònù, àlejò ni ẹ̀yin gan-an."

Májẹ́kódùnmí rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ṣàjèjì sí yàrá yẹn. Òun alára gbọ́ ọ.

"Ẹ gbé e jìnnà síbi tó ti ń pín nọ́ńbà. Ẹ kọ igba. Kẹ́ ẹ kọ igba náà sínú áàpù tó wà lórí fóònù ọwọ́ yín, kó lè mọ ibi tó máa wá a sí."

Igba. Iná lọ nírọ̀lẹ́. Iná dé. Àwòrán padà: ojú títì, gọ́tà, òkè géètì.

Ó kù kó máa wò. Ọ̀sán kan, ọ̀sán méjì. Oníbúrẹ́dì kọjá. Kẹ̀kẹ́ kọjá. Ewúrẹ́ kan tó ń wá níwọ̀n aago mẹ́ta, tó di ojúlùmọ̀. Òjò fọ ṣọ́ọ̀kì kúrò lára géètì. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ojú títì kan náà, kò sẹ́ni tó dúró.

Ní Ọjọ́bọ̀, fìlà kan yọ ní igun àwòrán. Ọkùnrin kan dúró. Ẹsẹ̀ òsì ló fara tì. Adéróunmú já bọ́ lórí igi máńgòrò nígbà tó wà lọ́mọdé; láti ìgbà náà ni kì í ti í gbára lé ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó he òkúta kan. Ọwọ́ rẹ̀ ń lọ, ó ń bọ̀ lára géètì. Ìró kankan kò dé inú yàrá.

Májẹ́kódùnmí kò wá bàtà. Ó di ògiri mú. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn. Ó gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Nígbà tó fi dé ìdí géètì, kíkàn náà ti dáwọ́ dúró. Ó fi etí tó gbọ́ràn ti irin. Ó gbọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀kì, tó ń fa irin họ.

"Má kọ ọ́, Adéróunmú," ló wí. "Mo wà nílé."

Ìró náà dúró. Májẹ́kódùnmí ń fọwọ́ wá ojú kọ́kọ́rọ́.