Ẹsẹ̀ tí Ummu Kulthum Rẹ Sómi

Ní gbogbo Òkè-Oyì, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni tàn yín, kò sẹ́ni tó mọ bí wọ́n ṣe ń rẹ nǹkan sómi tó Ummu Kulthum. Láfún ló ń ṣe, ó ti lé lógún ọdún. Bó bá ti ki ọwọ́ bọ dúrọ́ọ̀mù báyìí, ìka rẹ̀ á sọ fún un bóyá pákí ti rọ̀ tó. Lásìkò ooru, ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà ọyẹ́, ó lè di márùn-ún. Ẹni tó bá ní kó tètè kó o kúrò lómi á gbọ́ tẹnu rẹ̀. Òun náà ló ń rẹ èèpo ọ̀gánwó fún àwọn abiyamọ, nínú omi tútù, torí ó ní iná ń pa agbára rẹ̀. Awọ ẹran iléyá ńkọ́? Á rẹ ẹ́ títí irun á fi máa ṣí fúnra rẹ̀.

Ṣùgbọ́n a kì í mọ̀ ọ́n rìn kí orí má mì. Ọkọ́ ló bu ọkọ rẹ̀, Àúdù, lọ́mọ ìka ẹsẹ̀ lóko. Àtọ̀gbẹ sì wà lára ọkùnrin náà, egbò rẹ̀ kì í tètè san. Ọsọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń gun ọ̀kadà lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìlọrin kí wọ́n lè tún un dì. Òun nìkan ló ń lọ, torí iṣẹ́ láfún kò jẹ́ kí ìyàwó ráàyè.

Nílé, ìyàwó gba ìtọ́jú náà ṣe. Lójoojúmọ́ lẹ́yìn àlàásárì, á tú egbò náà, á ki ẹsẹ̀ bọ omi ọ̀gánwó, á sì jókòó tì í fún odindi wákàtí kan. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ Al-Ameen ọmọ wọn tó wà ní Sókótó, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Ó ní bí omi bá lè mú pákí tó le bí igi gbọ́ràn, kí ni ti egbò? Nígbà tí awọ ẹsẹ̀ náà funfun tó ń dẹ̀ bíi pákí ọjọ́ kẹta, inú rẹ̀ dùn, ó ní àrùn ń tú kúrò. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rùn, kò bà á lẹ́rù. Pákí náà ń rùn kó tó di láfún.

Nígbà yẹn, Àúdù ti ṣíwọ́ lílọ sí Ìlọrin fún ìdìgbò. Ìgbà tí ìka mẹ́ta dúdú tí ibà sì dé ni wọ́n tó gbé e lọ síbẹ̀. Dókítà wò ó, ó ní àfi kí àwọn gé e láti ọrùn ẹsẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ó lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Fìrdáúsì, nọ́ọ̀sì tó ń di egbò náà látẹ̀yìn wá, béèrè ẹni tó ń kì í bọ omi. Ummu Kulthum ní òun ni, ó tún gbéra ga sí i.

“Ìyá, láti ọjọ́ kìíní la ti sọ fún Bàbá pé kí omi má kàn án. Àlùwàlá pàápàá, a ní kí wọ́n máa ṣe tayamamu, kí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ dípò omi. Awọ tó bá ń rẹ sínú omi ń kú ni.”

Obìnrin náà kọjú sí ọkọ rẹ̀, ó béèrè bóyá wọ́n sọ fún un. Àúdù ní wọ́n sọ fún òun.

“Ẹ wá ń wò mí níran?”

Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri. “Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tí mo ti fẹ́ ọ, wákàtí yẹn nìkan lo fi jókòó tì mí.”

Inú bí Ummu Kulthum, ojú tì í, àánú sì ṣe é lẹ́ẹ̀kan náà. Nọ́ọ̀sì ti gbé ìwé dé pé kí ó tẹ̀ka kí wọ́n lè gé ẹsẹ̀ náà.

“Bàbá Al-Ameen, ẹ ò bá kàn ní kí n jókòó.”

“Mo sọ ọ́, Ìyá Al-Ameen. Mo sọ ọ́ títí ó fi sú mi. O ní pákí ń dúró dè ọ́.”

Obìnrin náà tẹ̀ka síwèé náà.